Ìpè Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Pè Lórí Afárá

Kí n tó dé Èkó ni ojú irin àfonífojì yẹn ti kú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gba yàrá ní Ṣómólú, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ojú irin wà níbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé wa lọ sí ibi gọ́tà ńlá tó wà láàárín àwa àti Bàrígà, àti pé koríko, ike, ọ̀rá àti omi dúdú ló kún ìsàlẹ̀ ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló fi hàn mí. Ó wá kí mi láti ìlú wa ní Òkè Ògùn, ó dúró létí ibẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀ títí irin fi yọjú.

Ó ní, "Àbúrò, ojú irin rèé. O ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, o ò sọ fún mi."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi rò pé irin pàǹtí ni."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e bí ìgbà tí èèyàn ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná. Ó pẹ́ níbẹ̀.

Lébìrà rélùwéè ni ẹ̀gbọ́n mi yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó dá wọn dúró. Kì í ṣe awakọ̀, kì í sì í ṣe ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Òun ló ń pè. Ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ ojú irin rí lè má mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí náà mo ní láti ṣàlàyé, torí gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ wà nínú ìpè yìí.

Irin kan ṣoṣo lára ojú irin, èèyàn méjìlá ló ń gbé e. Bí wọn ò bá gbé e lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé e, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa sọ fún un. Nítorí bẹ́ẹ̀, ẹnì kan á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò ní fọwọ́ kan ẹrù, á máa pè. Á fa ohùn gùn. Bó bá ṣe ń fà á, gbogbo ọwọ́ á ti wà lára irin, gbogbo èèyàn á ti mí sínú. Ibi tí ohùn bá ti gé, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa gbé e. Bí wọ́n bá gbé e débi tó yẹ kó wà, á tún fa ohùn, wọ́n á máa tẹ orúnkún díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ohùn bá ti gé, wọ́n á jọ jù ú sílẹ̀, wọ́n á jọ fò sẹ́yìn. Kò sí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ohùn ni, àti ibi tí ohùn ti gé.

Ẹ̀gbọ́n mi máa ń sọ pé, "Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń fi èjìká gbé irin, èmi ń fi ẹnu gbé e. Ṣùgbọ́n ẹnu tèmi ló ń tètè rẹ̀."

Lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ kú, mo ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Yàrá iwájú la fún un. Ìyàwó mi ṣe é lálejò débi tó lè ṣe é dé, ṣùgbọ́n èèyàn tí kò níṣẹ́ nínú Èkó, àfi bí àga tí wọ́n gbé sójú ọ̀nà. Á jí, á wẹ̀, á wọṣọ bí ẹni tó ń jáde, á wá jókòó. Mo lè sọ pé ó ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ lójú wa, a ò sì mọ ohun tí a lè ṣe sí i.

Alhájà ló jí i dìde. Ìdílé Alhájà ló ni ilẹ̀ tó wà lápá Bàrígà ní ìsàlẹ̀ yẹn, láti ìgbà tí gbogbo ibẹ̀ ṣì jẹ́ oko. Obìnrin náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ó ní òun rí i nílẹ̀ òkèèrè tí òun lọ, bí àwọn àgbàlagbà kan ṣe jí ojú irin tó ti kú ní àfonífojì ìlú wọn dìde, tí wọ́n ń wa ọkọ̀ àtijọ́ lórí rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, tí àwọn èèyàn sì ń wá láti ọ̀nà jíjìn kí wọ́n kàn lè gùn ún. Ó ní tiwa náà lè rí bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́, ẹ̀ka kékeré yẹn máa ń kó gẹdú àti yanrìn láti etí ọ̀sà ní Ìlàjẹ tó wà ní Bàrígà níbí wá pàdé ojú irin ńlá. Ó ní kí á tún un ṣe, kí àwọn ọmọ ilé ìwé lè máa gùn ún lọ sí etí ọ̀sà ní ọjọ́ Sátidé, kí wọ́n mọ bí àwọn bàbá wọn ṣe rìnrìn àjò.

Ìpàdé tó kọ́kọ́ pè, ẹ̀rín la fi ṣe. Ọ̀kan nínú àwọn atẹ̀wé àdúgbò wa dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló máa wọ rélùwéè tí kò dé Òṣòdì?"

Alhájà ní, "Ó dé Ìlàjẹ."

"Kí la fẹ́ lọ ṣe ní Ìlàjẹ?"

"Ẹ lọ jẹ ẹja."

"Alhájà, ẹja wà ní Pedro níbí o! Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni mo fi ń lọ rà á."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín. Ó dìde láti ẹ̀yìn, ó bọ́ fìlà, ó ní, "Alhájà, bí ẹ bá fẹ́ ẹni tó máa pè, mo wà níbí." Alhájà ò mọ ohun tó ń sọ. Ṣùgbọ́n àwọn ògbó lébìrà méjì kan tó jókòó lápá òsì mọ̀ ọ́n. Wọ́n yíjú wò ó, ọ̀kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni mo lè pè ní ọdún tó dára. Alhájà gba àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba. Àwọn tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Muṣin, láti Agége, àgbàlagbà ni gbogbo wọn, òmíràn ò ríran dáadáa mọ́. A kó ìdọ̀tí kúrò títí ọwọ́ wa fi bó. A wa irin jáde nínú ẹrẹ̀. Wẹ́dà ni mí, nítorí náà èmi ni mò ń jó ìsàlẹ̀ àwọn kóòṣì méjì tí ìpẹtà ti jẹ, tí wọ́n rí ní ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ kan. Bí mo bá ṣíwọ́, mo máa ń bá wọn gbé irin. Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbé e àti bí wọ́n ṣe ń sọ̀ ọ́, títí tí ara mi fi mọ̀ ọ́n tí mi ò ní láti ronú. Bó bá fa ohùn ní ìsàlẹ̀ yẹn, wọ́n á gbọ́ ọ dé ojúde Pedro. Àwọn obìnrin tó ń ṣe irun níbẹ̀ á dúró, wọ́n á ní, "Bàbá ti bẹ̀rẹ̀."

Ọ̀dọ̀ àwọn ará Ìlàjẹ ni pákó tuntun tí irin ń sùn lé ti wá. Orí omi ni wọ́n ń gbà kó o wá, wọ́n á wọ́ ọ gòkè láti etí ọ̀sà. Apẹja ni wọ́n, ọmọ ẹni tó ń ti ọkọ̀ ńlá sínú omi. Àwọn náà ní ẹni tó ń pè fún wọn, bàbá arúgbó kan tó ga, tí ojú rẹ̀ pọ́n. Bàbá náà á fa ohùn bíi ti ẹ̀gbọ́n mi gan-an, ohùn á gé, pákó á sún. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ gbọ́ ọ, inú rẹ̀ dùn bíi pé ó rí mọ̀lẹ́bí. Ó ní, "Ẹ ò rí i bí iṣẹ́ ṣe jọra. Wọ́n ń gé e síbi tí à ń gé e sí."

Ọmọ bàbá yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì nira fún mi. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó lágbára, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Òun àti ẹ̀gbọ́n mi ò lè ríra kí wọ́n má bú ara wọn.

Á ní, "Bàbá Aláriwo, iṣẹ́ yín mà dùn o. Ẹ ò gbé nǹkan kan, ẹ kàn ń ké."

Ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Ìwọ Ẹja Gbígbẹ yìí, wá ké kí n bá ọ gbé e."

"Ó tì o. Bí èmi bá ké, ẹja ló máa jáde wá láti inú ọ̀sà."

"Ẹja wo? Ẹja tó bá gbóòórùn ẹnu rẹ, ó ti sá dé Bàdágìrì."

Lẹ́yìn náà wọ́n á jókòó, wọ́n á jọ jẹ búrẹ́dì kan náà. Ọmọ náà ló máa ń ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò rí ẹ̀gbọ́n mi bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú.

Afárá orí gọ́tà ńlá ló kẹ́yìn iṣẹ́ náà. Bí a bá ti tẹ́ irin sórí rẹ̀, ojú irin ti pé nìyẹn, wọ́n lè gbé ẹ́ńjìnnì tó máa fa àwọn kóòṣì jáde. Ó ku irin kan. Òjò sì ti ń ṣú. Lọ́jọ́ yẹn, púpọ̀ nínú àwọn ògbó lébìrà ò wá torí wọ́n ń sin ọ̀kan nínú wọn ní Ìkòròdú. Yàtọ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi, a ò ju mẹ́fà lọ. Alhájà ní kí á jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo fẹ́ kó yé ẹni tó bá ń kà á: obìnrin náà ò fipá mú ẹnikẹ́ni. Àwọn ará Ìlàjẹ fúnra wọn ló ní kí ni à ń dúró dè, àwọn á bá wa gbé e. Bàbá wọn ò sí níbẹ̀, ó wà lórí omi. Ẹ̀gbọ́n mi wò wọ́n, ó rò ó. Ó ní, "Ìpè kan náà ni. Ẹ wá, ká dán an wò."

A dán an wò lóòótọ́. A tò sí ara irin níbi tó wà nílẹ̀, mẹ́fà tiwọn níwájú, mẹ́fà tiwa lẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi fa ohùn, ó gé e, irin náà sì dìde bí ewé. Mi ò rí irin tó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo èèyàn pariwo ayọ̀. Ọmọ náà wà níwájú mi gan-an, òun ló kẹ́yìn nínú tiwọn, èmi ni mo ṣáájú nínú tiwa. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀yin ará òkè, ẹ rí i bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan?" Níwọ̀n ìgbà tó sì ti wà lọ́wọ́ wa, a kò sọ̀ ọ́ mọ́. A gbé e lọ tààrà sórí afárá.

Kò sí ẹni tó ronú nípa sísọ̀. Bí èèyàn bá ń wo ẹrù, gbígbé ló máa ń bà á lẹ́rù.

A dé orí afárá. Omi dúdú ń lọ lábẹ́ wa. Ẹ̀gbọ́n mi dúró létí, ó gbé ọwọ́ sókè, ó fa ohùn, a bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúnkún. Ohùn rẹ̀ dára lọ́jọ́ yẹn. Mo rántí rẹ̀. Ó gé e.

Mo jù ú sílẹ̀, mo fò sẹ́yìn, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Gbogbo àwa tó wà lẹ́yìn ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà níwájú ò jù ú sílẹ̀. Wọ́n tì í síwájú pẹ̀lú gbogbo agbára wọn. Ìdí irin balẹ̀, orí rẹ̀ lọ síwájú, ó yí lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn yòókù ṣubú sórí pákó. Ọmọ náà ni irin gbá láyà, ó gbé e kúrò lórí afárá. Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kan ọwọ́ mi.

Mi ò fẹ́ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa ìyẹn. Wọ́n gbé e, wọ́n ń sáré lọ sí ilé ìwòsàn Igbóbì, ṣùgbọ́n ó ti kú kí ọkọ̀ tó kúrò ní àdúgbò. Ní tèmi, àtàǹpàkò nìkan ló bó.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́, ọ̀rọ̀ ti yí padà ní ìta. Wọ́n ní ojú irin tó ti kú kì í jí lásán. Wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ jẹ orí. Wọ́n ní ìdí nìyẹn tí àwọn ògbó lébìrà ò fi wá lọ́jọ́ yẹn, pé wọ́n mọ̀. Wọ́n ní kí ló dé tí kò fi sí ará òkè kan tó fara pa. Wọ́n wá ní ohùn tí ẹ̀gbọ́n mi ń fà yẹn, ọfọ̀ ni, òun ló fi pe ọmọ yẹn sọ́run. Àwọn obìnrin tó ń dúró gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ ní Pedro, àwọn kan nínú wọn ló ń sọ báyìí pé àwọn ti máa ń fura sí i.

Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi pa. Èkó ni à ń gbé, mo sì mọ ohun tí Èkó lè fi táyà àti pẹtiróòlù ṣe fún ẹni tí wọ́n bá pè ní gbọ́mọgbọ́mọ. Ẹsẹ̀ tó bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa, mo máa ń tẹ́tí sí i títí á fi lọ. Àwọn ọlọ́pàá wá, wọ́n bi wá léèrè, wọ́n wo afárá, wọ́n ní jàǹbá ni, wọ́n lọ. Ìyẹn ò pa ẹnu ẹnikẹ́ni mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù nínú ilé wa: ṣé wọn ò ní pa ẹ̀gbọ́n mi?

Òun ò bẹ̀rù ìyẹn. Ohun tirẹ̀ yàtọ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń bi mí ní ìbéèrè kan náà.

"Àbúrò, níbo ni mo ti gé e?"

"Ibi tí ẹ máa ń gé e sí náà ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ṣé mi ò gé e jù?"

"Ẹ ò gé e jù."

"Nígbà náà, kí ló ṣe wọ́n tí wọn ò fi jù ú sílẹ̀?"

Lóòótọ́, mi ò mọ̀ ọ́n nígbà yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé bóyá ohun tí wọ́n ń sọ níta ní òótọ́ nínú, pé bóyá nǹkan kan wà nínú ohùn òun tí òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀. Kò jẹun mọ́. Ó ní òun fẹ́ lọ rí bàbá ọmọ náà ní Ìlàjẹ.

Ìyàwó mi fi ọwọ́ lé orí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ dákun. Bí ẹ bá lọ, òkú méjì ni wọ́n máa gbé wá bá mi."

Alhájà náà gbọ́, ó sáré wá, ó ní òun á tẹ̀ lé wa. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀. Ó ní, "Alhájà, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí ẹ̀yin onílẹ̀, wọ́n á ní ilẹ̀ la tún wá gbà."

Mo tẹ̀ lé e. Mi ò sọ pé akin ni mí. Ìtìjú ló mú mi lọ. Òwúrọ̀ ni. Èéfín ẹja ti bo gbogbo etí ọ̀sà. Bí a ṣe ń rìn lórí pákó tí wọ́n tẹ́ sórí ẹrẹ̀, àwọn ọkùnrin ń jáde láti inú ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tẹ̀ lé wa lẹ́yìn. Ọ̀kan tó mú àjẹ̀ ìtukọ̀ lọ́wọ́ ló kígbe. Ó ní, "Ẹ tún padà wá? Ṣé orí kan ò tó yín ni?" Obìnrin kan tutọ́ sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ wa.

Bàbá náà jókòó sórí ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú ẹrẹ̀. Bàbá ò ní kó dìde. Ó wò ó títí.

Ó ní, "Kí lẹ wá ṣe?"

Ẹ̀rù tún bà mí nítorí "ẹ" ọ̀wọ̀ yẹn. Ẹni tí inú bá ń bí, a máa ń mọ ohun tó fẹ́ ṣe.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bàbá, mo wá bá yín kẹ́dùn ni. Ohunkóhun tí ẹ bá sì fẹ́ ṣe fún mi, mo wà níbí."

"Wọ́n ní ọfọ̀ lẹ pè fún ọmọ mi."

"Kì í ṣe ọfọ̀, bàbá."

"Ẹ pè é kí n gbọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè, ẹrẹ̀ wà ní àgbọ̀n rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, mi ò lè pè é. Ẹ má jẹ́ kí n pè é."

"Ọmọ mi gbọ́ ọ. Kí ló dé tí èmi ò fi ní gbọ́ ọ?"

Ariwo bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wa. "Kó pè é! Ẹ jẹ́ kó pè é!" Ẹnì kan ní kó má pè é, pé ó fẹ́ fi mú bàbá náà lọ ni. Àwọn méjì kan bọ́ sẹ́yìn. Bàbá gbọ́wọ́ sókè, wọ́n dákẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi dìde lórí orúnkún. Ó fa ohùn. Ó kọ́kọ́ já, ó tún un fà, ó wá jáde bó ṣe máa ń jáde, ó gùn, ó mọ́, ó lọ sórí omi. Àwọn ọkùnrin tó yí wa ká kò fẹ́ ṣe nǹkan kan. Ó dá mi lójú pé wọn ò fẹ́. Ṣùgbọ́n mo rí i tí àyà wọn ń wú, tí wọ́n ń mí sínú. Ẹ̀gbọ́n mi gé e.

Gbogbo wọn ni èjìká wọn lọ síwájú. Gbogbo wọn ló gbé ẹsẹ̀ kan síwájú nínú ẹrẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi nìkan ni mo la ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ tí mo fò sẹ́yìn, tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lu ẹni tó mú àjẹ̀.

Bàbá náà rí wọn. Ó yíjú, ó rí èmi náà. Àwọn ọkùnrin ń wo ẹsẹ̀ ara wọn.

Bàbá ní, "Ẹ̀yin, bí ohùn bá gé, ẹ máa ń jù ú sílẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bí a bá ń sọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Àwa kì í sọ ọkọ̀. Kò sí ọjọ́ tí à ń sọ ọkọ̀. Títì la máa ń tì í. Bí ohùn bá gé, èèyàn á tì." Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Èmi ni mo kọ́ ọ. Láti kékeré. Mo ní bí ohùn bá gé, má wẹ̀yìn, tì."

Ẹni tó mú àjẹ̀ gbé e sílẹ̀. Obìnrin tó tutọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo rò pé ó ti tán nìyẹn, pé a ti bọ́. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ pé inú mi dùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Bàbá wá ní, "Ì bá sàn kí ẹ jẹ́ apànìyàn. Ǹ bá mọ ẹni tí mo máa bá jà. Mo ti ń múra ìjà sílẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín. Ẹ wá gbà á lọ́wọ́ mi." Ó dìde, ọwọ́ rẹ̀ ń wá ibi tó máa dì mú. "Ẹ máa lọ. Kò sí ẹni tó máa fọwọ́ kàn yín nínú ayé yìí. Ṣùgbọ́n ẹ má pe ìpè yẹn mọ́. Bí mo bá gbọ́ ọ láti orí omi, màá tì."

Àwọn ọkùnrin ṣí ọ̀nà fún wa. Kò sí ẹni tó wò wá.

Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ ọfọ̀ kú ní àdúgbò. Àwọn ará Ìlàjẹ fúnra wọn ló pa á. Bí ẹnì kan bá sọ ọ́ ní Pedro, wọ́n á ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́, kò mọ nǹkan kan. Àwọn obìnrin onírun bẹ̀rẹ̀ sí í kí ẹ̀gbọ́n mi. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù mi.

Òjò dé, ó lọ. Alhájà ò kọ́kọ́ fẹ́ gbà pé iṣẹ́ náà ti kú. Ó wá ẹ̀rọ tó lè gbé irin, ṣùgbọ́n ibẹ̀ rọ̀, ọ̀nà fún, ẹ̀rọ náà rì kó tó dé ìsàlẹ̀. Ó pe àwọn ògbó lébìrà, wọ́n wá, wọ́n jókòó, wọ́n ní ta ló máa pè. Wọ́n wo ẹ̀gbọ́n mi, ó wolẹ̀. Wọ́n wá wo èmi. Mo ní mi ò lè ṣe é. Mi ò tiẹ̀ lè dúró lórí afárá yẹn. Bí àwọn tó ń ti mọ́tò tó kú lójú ọ̀nà bá ń sọ pé "ó yá, ó yá", mo máa ń bọ́ sí òdìkejì títì. Alhájà ò bá mi jà. Lẹ́yìn ìyẹn kò pe ìpàdé mọ́. Ní báyìí, àwọn tó ń kó irin pàǹtí ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé ibi tí a tò láti apá Bàrígà, koríko sì ti ga ju kóòṣì lọ. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni tún máa jí i.

Wọn ò pa ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo ohun tí mo bẹ̀rù fún un, kò sí èyí tó ṣẹlẹ̀. Orúkọ rẹ̀ mọ́. Ó ń jẹun díẹ̀, ó ń sùn, ó ń tẹ̀ lé wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á la ìwé orin sílẹ̀, á pa ẹnu rẹ̀ dé. Bí mo bá kí i, á dáhùn. Ṣùgbọ́n kì í pe ẹnikẹ́ni mọ́. Kì í pè mí, kì í pe ìyàwó mi, kì í pe àwọn ọmọ ní orúkọ. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, á gbé ife òfìfo sórí itan, á jókòó síbẹ̀ títí ẹnì kan á fi kọjá.